Ìrìn-Àjò Mi sí Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Fi Ọ̀já Di Ògiri

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn lè rí ibi fi orí pamọ́ sí fún òjò. Àgbẹ̀dẹ Ògúnjìnmí kò tóbi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gba àyè, etí nìkan ló ń fẹ́. Ẹni tó mú ọkọ́ wá kí wọ́n bá a rọ ọ́, kó gbé e kalẹ̀. Ẹni tó mú àdá wá, kó rọra fi í ti ògiri. Òjò yìí kò ní í dá kí n tó parí, mo ti wo ojú ọ̀run dáadáa kí n tó la ẹnu.

Èmi Ọdẹ́rìndé ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í purọ́ láìnídìí. Mo ti dé igbó tí ẹfọ̀n ti ń sá fún òjìji ara rẹ̀. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, èmi ni mo sì jẹ ẹran, òun ló mu omi ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ọmọdé ni gbogbo ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo lọ lọ́dún tí Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, ń kú lọ. Látúndùn, má tíì rẹ́rìn-ín. Ibi ẹ̀rín ń bọ̀ níwájú.

Ohun tó ń ṣe Àwẹ̀ró nìyí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Bí a bá fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀, ibẹ̀ á jìn bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, kò sì ní í tètè padà. Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ó kan ikùn. Lẹ́yìn ikùn, ó kan èémí. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀ pẹ́rẹ́, ńṣe ni yóò dìde fìrì bí ẹni tó ń rì sómi, a ó sì fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn kó lè tòògbé lórí ìjókòó. Bó bá fẹ́ pè mí, á ní "Bàbá," á mí, á tún mí, kó tó rí ààyè sọ pé "Abíọ́nà." Àwọn oníṣègùn wá, wọ́n gbé àgbo fún un, ó mu ún, omi àgbo sì lọ bá omi tó ti wà ńlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n máa múra sílẹ̀. Inú bí mi gan-an. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ múra tirẹ̀, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ju irun orí ìyàwó mi lọ. Ó wò mí, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ẹni ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ lọ. Mo fi Àwẹ̀ró sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo fi àdá há ìbàdí, mo wọ igbó. Kì í ṣe ẹran ni mo ń wá lọ. Kí n má parọ́, n kò mọ ohun tí mò ń wá.

Ọ̀sán gangan ni mo bá iwin kan lórí òkìtì ọ̀gán. Orí rẹ̀ kò ju àgbọn lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí òpó, àyà rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ilé tí olè ti gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Ohun pupa kan ń mì tìtì nínú àyà náà láìsinmi. Ẹ̀rù kò bà mí. Ẹsẹ̀ mi ló ń gbọ̀n, èmi fúnra mi kò bẹ̀rù.

"Ìwọ ọdẹ," iwin náà wí, "kí ló dé tí o ń da igbó rú lórí àwọn onílé?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ìyàwó mi ni kò lè mí."

Ó ní, "Màá pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o bá já a, màá fi ọ̀nà hàn ọ́. Bí o kò bá lè já a, màá yọ ilẹ̀kùn àyà rẹ fi ti tèmi, òtútù ti ń mú mi láti ọjọ́ yìí." Ó wá ní, "Ilé kan rèé, yàrá mẹ́rin ló ní, ẹnikẹ́ni kò sùn nínú rẹ̀ rí. Àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde, wọn kò fún ẹyọ kan ní ìjókòó. Ọjọ́ tí wọ́n bá sinmi níbẹ̀ ni ilé náà wó. Kí ni?"

Mo ní ilé àwọn olorì ni. Ó ní olorì ń sùn. Mo ní ilé agbọ́n ni. Ó ní agbọ́n náà ń sùn, àti pé agbọ́n kì í gba àlejò. Ó na ọwọ́ sí àyà mi. Mo gbójú sókè kí n bẹ̀ ẹ́, ojú mi sì bọ́ sínú àyà tirẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Ilé tó ń wí nìyẹn níwájú mi, yàrá méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé. Mo kígbe pé, "Ọkàn ni!" Ó ní ta ló sọ fún mi. Mo ní ọgbọ́n orí mi ni. Ọdẹ mìíràn ì bá kú síbẹ̀. Ògúnjìnmí, ìwọ ì bá kú síbẹ̀.

Ògúnjìnmí ní òun kò ní í lọ síbẹ̀ rárá, pé ẹni tí kò lọ kì í kú. Ó dáa, ẹ máa fẹ́ ẹwìrì yín, ẹ jẹ́ kí n máa bá tèmi lọ.

Iwin náà sọ fún mi pé kò sí ẹni tí kò ní ìlú kan nínú àyà rẹ̀, àti pé ìlú ìyàwó mi ni nǹkan ti bàjẹ́ sí. Ó ní òun kò mọ ohun tó bàjẹ́, nítorí àyà ìyàwó mi ní ilẹ̀kùn. Ó fún mi ní kóró èso kan. Ó ní bí mo bá gbé e mì, màá kéré ju eèrà lọ, gbogbo ohun tó bá wà lára mi á sì kéré pẹ̀lú mi, títí ara mi yóò fi tún kan atẹ́gùn ìta.

Mo padà délé, mo jókòó ti Àwẹ̀ró, mo gbé kóró náà mì. Ó korò bí jogbo. Fìlà mi, tí mo ti ṣí kọ́ ara ògiri, já bọ́ lé mi lórí bí òrùlé. Mo yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀, mo gun aṣọ Àwẹ̀ró, mo gun ọrùn rẹ̀, mo dé ètè òkè. Ó fa èémí kan gúlẹ́, mo sì bá èémí náà wọlé.

Ibi tí mo kọ́kọ́ bọ́ sí ni Igbó Èémí. Àwọn igi ibẹ̀ dorí kodò, ẹ̀ka wọn ń já sí ẹ̀ka, ẹ̀ka ń já sí ọmọ ẹ̀ka, àpò wẹ́wẹ́ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ sì so mọ́ gbogbo orí wọn. Ó yẹ kí ibẹ̀ gbẹ kó sì kún fún atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n omi ti mu mí dé ìbàdí kí n tó rìn jìnnà, ó ń hó yaya, ó ń rú bí ọṣẹ. Ìbọn mi tutù kalẹ̀, n kò sì tún rí i lò mọ́ títí mo fi dé.

Àwọn aláàárù kan tó dé fìlà pupa tò sí etí omi náà. Iṣẹ́ wọn ni láti máa gba atẹ́gùn nínú igbó, kí wọ́n rù ú gba orí odò pupa lọ sínú ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jókòó lásán.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọ̀kan dáhùn pé, "Iṣẹ́ wo? Ẹrù kò sí. Omi ti gba ilé ìtajà."

"Níbo ni omi náà ti ń wá?"

"Láti inú ìlú ni. Ìlú ti kún dé ẹnu, ó wá ń bì í padà sọ́dọ̀ wa."

Mo ní ṣé wọ́n ti sọ fún àwọn tó ń ṣe àkóso. Ó ní ògiri ló yẹ kó sọ ọ́, pé láyé àtijọ́ ògiri ló máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ògiri ti dákẹ́. Mo rò pé omi ti wọ ọ́ lágbárí. Mo sì ní kó gbé mi dé ìlú. Ó gbé mi lé orí níbi tó yẹ kí ẹrù wà, a sì bọ́ sórí odò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ààfin, mo ti rí ihò àpáta tí igba àgbò lè jẹ̀ nínú rẹ̀, n kò tíì rí gbọ̀ngàn tó tó èyí tí odò náà já sí. Yàrá òkè ni. Ògiri rẹ̀ pupa, ó tutù, ó sì wà láàyè. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn ńlá kan ń ṣí, ó ń pa dé, gbì, gbì, gbì. Bó bá ṣí, omi á ya lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Bó bá pa dé, ẹni tó bá ṣì ń rò ó lẹ́nu ibẹ̀ kò ní í tún nǹkan kan rò mọ́. Ṣùgbọ́n omi tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, ó sì ti mu àwọn ará ibẹ̀ dé àyà.

Kí ni ẹ rò pé wọ́n ń ṣe? Ọ̀já ni wọ́n ń fà. Wọ́n ti fi ọ̀já fífẹ̀ we gbogbo ògiri náà yípo, bí obìnrin ṣe ń pọnmọ, ọ̀já lórí ọ̀já, kókó lórí kókó. Tọkùnrin tobìnrin fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, wọ́n ń fà á, wọ́n ń kígbe pé, "Fún un! Fún un! Má jẹ́ ó wú!"

Olórí wọn ń jẹ́ Má-jẹ́-ó-wú. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ó fún ìgbànú mọ́ ara rẹ̀ débi pé ojú rẹ̀ fẹ́ yọ síta. Mo kí i, ó ju etí ọ̀já kan sí mi.

"Ìwọ àlejò, fà á."

"Kí ni mo ń fà á sí?"

"Ògiri ń wú. Ìlú tí ògiri rẹ̀ bá wú, ẹlẹ́yà ni. Àwọn tó kọ́ ibí yìí kò kọ́ ọ kó yọ ikùn. Bàbá mi di tirẹ̀, kò yọ. Èmi náà ń di tèmi."

"Omi ńkọ́?"

"Omi kì í ṣe iṣẹ́ wa. Ògiri ni iṣẹ́ wa."

Kí n má tàn yín, mo fà á pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn bá dorí kọ máa ń dà bí iṣẹ́ gidi. Nígbà tí apá ń ro mí, mo fara ti ògiri, mo fi etí lé e kí n sinmi. Mo gbọ́ nǹkan nínú ògiri náà. Ẹ máa gbọ́: wọ́n ń hanrun. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń hanrun nínú ògiri.

Mo rìn yípo, mo ń tẹ́tí, títí mo fi dé ẹ̀yìn òpó kan tí ọ̀já ti dẹ̀ díẹ̀. Níbẹ̀ ògiri rí àyè yọ síta, kò ju ìwọ̀n ọwọ́ mi lọ. Ojú mi ló ṣe é: ògiri nà, ìkòkò róbótó kan tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ ṣí ọmọrí, pó! Ọkùnrin kékeré kan já bọ́ sílẹ̀. Ojú àgbà ló ní, ara rẹ̀ kò ju ti ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Kò kí mi. Ó kọjú sí odò lójú ẹsẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ó ti kún o! Ẹ ṣí i! Ó ti kún o!"

Mo dì í mú lẹ́sẹ̀. "Ta ni ọ́?"

"Ajíṣẹ́ ni mí. Fi mí sílẹ̀, ẹ̀mí mi kò gùn, mo máa tó yọ́."

"Ta lo fẹ́ jíṣẹ́ fún?"

"Àwọn ìbejì tó ń ṣọ́ ẹnu omi ní ìsàlẹ̀. Bí wọn kò bá gbọ́ ohùn wa, wọn kì í ṣílẹ̀kùn. A pọ̀ nínú ògiri, a pọ̀ lọ súà, oorun ló gbé àwọn yòókù."

"Ẹ̀yin ọ̀lẹ! Kí ló dé tí ẹ kò jí?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo arìndìn. Ó ní, "A kò ní etí tó ń gbọ́ agogo. A kò ní ojú tó ń rí omi. Nínà ògiri nìkan ló ń ṣí ìkòkò wa. Bí omi bá pọ̀, ògiri á nà. Bí ògiri bá nà, a ó jáde. Bó bá ṣe nà tó ni a ó ṣe pọ̀ tó. Àwọn wọ̀nyí ti wá dì í pinpin. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ó ń yọ́ bí iyọ̀. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ mi ti ṣófo.

Ó yé mi wàyí. Wíwú ògiri tí wọ́n pè ní ẹlẹ́yà, òun gan-an ni ohùn ìlú. Àwọn èèyàn yìí kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọ́n ń tọ́jú ìlú wọn tọkàntara, ìtọ́jú náà ló sì ń pa ìyàwó mi.

Mo padà lọ bá Má-jẹ́-ó-wú, mo fa àdá yọ, mo ní kó pàṣẹ kí wọ́n tú ọ̀já. Ó ní, "Àlejò, òfin wa kan wà. Ẹni tó bá tú ọ̀já, abẹ́ ògiri tó tú ni yóò dúró sí títí yóò fi nà tán. Bó bá fàya, yóò wó lé onítọ̀hún."

Mo ní, "Kò burú. Mo ti dúró sábẹ́ erin rí."

Ó ní, "Kì í ṣe ìwọ nìkan. Bí ògiri yìí bá fàya, obìnrin tó ni ìlú yìí kò ní í mí mọ́ láéláé."

Ibí yìí ni ẹ̀rù ti bà mí. Mo ti ń yangàn láti àárọ̀, n kò yangàn níbí. Bí mo bá fi ọ̀já sílẹ̀, omi á pa Àwẹ̀ró díẹ̀díẹ̀, n kò ní í sí níbẹ̀ láti gbá a mú. Bí mo bá gé e tí ògiri kò sì gbà á, èmi ọkọ rẹ̀ ni mo fi àdá ara mi pa á, láti inú àyà rẹ̀. Kò sí ẹni tí mo lè bi léèrè. Ajíṣẹ́ ti yọ́. Mo ronú nípa obìnrin náà lórí ìrọ̀rí, bó ṣe máa ń fi ojú wá mi kiri yàrá nígbà tí èémí kò bá jẹ́ kó pè mí. Omijé bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún, omi ti pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo gbé àdá sókè, mo gé ọ̀já àkọ́kọ́.

Ògiri kérora. Mo gé èkejì, mo gé ẹ̀kẹta, wọ́n ń já pàù, pàù, wọ́n ń ta àwọn ará ìlú dànù sínú omi. Má-jẹ́-ó-wú di orí mú, ó ń sunkún bí ẹni òfò ṣẹ̀. Mo lọ dúró sábẹ́ ògiri gẹ́gẹ́ bí òfin. Ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta. Ó wú, ó fẹ̀, ó fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí ìmọ́lẹ̀ pupa gba ara rẹ̀ kọjá. Mo ní, ó tó báyìí. Kò gbọ́ tèmi, ó tún nà. Ó dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lókè orí mi. Mo dijú, mo pe orúkọ Àwẹ̀ró.

Pó!

Mo rò pé ó ti fàya. Pó! Pó, pó, pó! Mo lajú. Ọmọrí ìkòkò ló ń fò, láti òkè dé ilẹ̀, bí àgbàdo tí a dà sínú yanrìn gbígbóná. Àwọn ońṣẹ́ ń tú jáde bí èsúnsún, wọ́n ń já lé mi lórí, wọ́n ń já lé Má-jẹ́-ó-wú léjìká, gbogbo wọn ń pa igbe kan náà: "Ó ti kún o! Ẹ ṣí i! Ó ti kún o!" Igbe náà mi gbọ̀ngàn. Wọ́n bẹ́ sódò. Ògiri dúró níbi tó nà dé, kò fàya.

Má-jẹ́-ó-wú gbójú sókè. "Kò fàya," ó wí. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìgbànú rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. N kò tíì rí ẹni tí èémí kan ṣoṣo yà lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

N kò dúró gba ọpẹ́. Mo bá àwọn ońṣẹ́ bẹ́ sódò. Nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá òkè ṣí, mo fò ó kọjá, ó sì pa dé lẹ́yìn mi, ó gé etí gbérí ọdẹ tó wà lọ́rùn mi lọ. Ẹ lè wá wo gbérí náà nílé mi. Láti yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ta wá jáde sójú ọ̀nà. Ọ̀nà ibẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀, omi ń fi agídí gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n bí àwọn ońṣẹ́ ti ń kọjá ni ọ̀nà ń dẹra, ó ń fẹ̀ bí ẹni tó tú ìgbànú lẹ́yìn iyán.

Wọ́n ń yọ́ lọ́nà o. Ẹni tó ń pariwo lápá ọ̀tún mi, nígbà tí mo tún wo ibẹ̀, kò sí mọ́. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yára. Wọn kò dá mi lóhùn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ láyé.

A dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì. Kíndìnrín ni orúkọ wọn, wọ́n tẹ̀ kọdọrọ bí ẹ̀wà erèé, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó lórí òkìtì iyọ̀ níwájú ilẹ̀kùn tó tì pa. Mo ṣáájú àwọn ońṣẹ́ débẹ̀ díẹ̀.

Mo jágbe mọ́ wọn. "Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ta ló ní kí ẹ máa kó omi jọ?"

"Ọ̀gbẹlẹ̀ ni," ìbejì kìíní wí. "Wo bí odò tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti kéré tó. A ń fi omi pamọ́, a ń fi iyọ̀ pamọ́, kí òùngbẹ má bàa pa ìlú."

"Ìlú ń rì! Omi ń bẹ ní àyà wọn!"

Ìkejì wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ta ni ìwọ?"

"Ọdẹ ni mí."

"Ọdẹ," ó wí fún èkejì rẹ̀, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí òótọ́ ni mo ń sọ lọ́jọ́ yẹn.

Mo fẹ́ fi àdá ṣá ilẹ̀kùn nígbà tí àwọn ońṣẹ́ tó kù dé. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n fọwọ́ kan àwọn ìbejì náà, wọ́n ní, "Ó ti kún o," wọ́n sì yọ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu àwọn ìbejì.

"Ohùn ògiri nìyí," ìbejì kìíní wí. "Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ ọ. A rò pé kò sí ohun tó ń ṣe é."

Wọ́n dìde. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ti iyọ̀ sínú ihò. Ibi tí iyọ̀ bá lọ, omi á tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣílẹ̀kùn méjèèjì gbàgà, omi gbogbo ìlú sì ya lulẹ̀ lẹ́yìn wa, tìbọn-tìbọn, tàdá-tàdá, ó gbé mi lọ.

Látúndùn, ibi ẹ̀rín nìyí. Àwọn àna mi wà níbí, n kò ní í dárúkọ ibi tí mo gbà jáde. Ẹ̀yin àgbà mọ ibi tí omi kíndìnrín ń gbà. Ohun tí mo lè sọ ni pé inú póò ni mo bá ara mi, atẹ́gùn ìta kàn mí, mo tóbi padà lẹ́ẹ̀kan náà, póò náà sì fọ́ mọ́ mi nídìí. Àbúrò Àwẹ̀ró pariwo, ó fò gba ojú fèrèsé jáde. Ìbọn mi ti bá omi lọ, n kò sì wá a.

Wọ́n wá póò mìíràn. Àwẹ̀ró kún un, wọ́n dà á nù, ó tún kún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó ní oorun ń kun òun. Mo na ọwọ́ sí ìrọ̀rí kí n tì í lẹ́yìn, ó ní kí n gbé e kúrò. Ó dùbúlẹ̀ pẹ́rẹ́, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì sùn. Mo jókòó tì í, mo ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀. N kò jẹun, n kò pààrọ̀ aṣọ, mo ń rùn. Mo ń dúró de ìgbà tí yóò ta jí fìrì, kò sì ta jí.

Nígbà tó lajú, ó rí mi. Ó wo ara mi, ó wo èéfọ́ póò nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá Abíọ́nà, ojú kò tì yín, èmi ń bá ikú jìjàkadì ẹ gbé ìbọn ẹ gba inú igbó lọ, àbúrò mi nìkan ni mo rí bí ẹni tí kò lọ́kọ, ìgbà tí ẹ ó tilẹ̀ padà dé ẹ kò pa ẹran ẹ kò mú ìbọn bọ̀, ẹ fọ́ póò tí ìyá mi fi dá mi lọ́lá, ẹ wá jókòó tì mí ẹ ń rùn bí òbúkọ tí òjò pa, ẹ tún ń sunkún, kí ni mo fi yín ṣe!"

Kò dánu dúró. Kò mí láàárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní, "Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, tún un sọ."